Alárinà Orí Alùpùpù

Ní Darkuman, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Kaneshie, obìnrin kan wà tó ń rán ìbora ìjókòó alùpùpù. Ìdíátù ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá náà kú, tí kò sí ọmọkùnrin kan nínú ilé tó fẹ́ máa fi abẹ́rẹ́ gún lẹ́dà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Ìdíátù ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò sì dìde mọ́. Lọ́dún 2015 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo Ghana, tí tọmọdé tàgbà ń pariwo dumsor, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Kì í ṣe pé kò lọ́kọ rí. Ó lọ́kọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wà pọ̀, ọmọ ò dé, ọkùnrin náà sì kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ tròtrò, ó dá a padà sílé ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo àdúgbò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin Darkuman ti ń fi ohùn kan kí i, ohùn pẹ̀lẹ́ tí èèyàn fi ń kí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Orí alùpùpù rẹ̀ nìkan ló ti ń bọ́ lọ́wọ́ ohùn yẹn. Tó bá ti dé akoto, tó ti gbéra, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá adálémosú ni tàbí abilékọ.

Alùpùpù náà ló fi mọ Khàlíl. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Kokomlemle ni Khàlíl ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ìjókòó tó ya wá lọ́jọ́ kan, ó ní òun á dúró gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìdíátù sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ mu omi inú ìkòkò kan náà dàgbà. Ọdún méje ti kọjá lórí ìyẹn. Khàlíl ní ọ̀rẹ́ kan, Yusif, ọmọ àdúgbò Zongo tí kì í dákẹ́ ẹ̀rín, Yusif sì ní ìyàwó tó ń jẹ́ Abena. Àwọn mẹ́rin yìí ló máa ń gun alùpùpù jáde kúrò ní Accra lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ti dé Keta, wọ́n ti dé Cape Coast. Yusif á gbé Abena sẹ́yìn, Khàlíl á dá tirẹ̀ gùn, Ìdíátù náà á dá tirẹ̀ gùn.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá tó bí i, ni pé ó nífẹ̀ẹ́ Khàlíl. Kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé òun ti ń mọ ìró ẹ̀rọ alùpùpù rẹ̀ yàtọ̀ láàárín gbogbo èyí tó ń kọjá lójú títì.

Ẹlòmíràn ṣàkíyèsí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, ìyá Khàlíl, Alhájà tó ń ta aṣọ ní ọjà Kaneshie, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kí i dáadáa, ó bèèrè ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ pa lẹ́dà tó wà lórí tábìlì lójú.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́, Ìdíátù,” ni Alhájà wí. “N ò rí àléébù kankan lára rẹ. Ṣùgbọ́n Khàlíl nìkan lọmọkùnrin tí mo bí. Mo fẹ́ kó fẹ́ ọmọge, kó bímọ fún mi kí n tó kú. Ìwọ ti délé ọkọ, o sì ti padà. Ṣé ọ̀rọ̀ mi yé ọ?”

“Ó yé mi, mà. Kò sí nǹkan kan láàárín wa.”

“Mo mọ̀ pé kò sí. Kó má ṣe sí náà ni mo wá bẹ̀ ọ́ sí.”

Ìdíátù kúnlẹ̀, ó ní kò ní sí. Alhájà gbàdúrà lé e lórí, ó sì lọ. Ẹnu lásán ni wọ́n fi dá májẹ̀mú náà, kò sí ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n Ìdíátù kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí Khàlíl bá wà níbẹ̀, á gbé e mì.

Ó ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2015 tí Khàlíl wá bá a pẹ̀lú ojú tó ń dán.

“Ìdíá, mo ti rí ìyàwó.”

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìdíátù. “Ta ni?”

Fàrídà ni. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Accra, ibẹ̀ ni Khàlíl ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti padà sí Tamale lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ọdún kan ààbọ̀, tí Khàlíl ò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀rù bàbá ọmọ náà ń bà á. Bàbá Bàdírù ni wọ́n ń pe bàbá yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Tamale. Nígbà tí ìjọba lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, ó fi ilé sílẹ̀, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ló padà wá tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ohun tó sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun tán, ahọ́n òun nìkan ló ṣẹ́ kù.

“Wọ́n ti lé ọkùnrin méjì dànù,” ni Khàlíl wí ní Twi, èdè tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ. “Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ọmọ àwọn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀ ní Yorùbá.”

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Yorùbá Khàlíl dà bí ẹ̀wà tí kò jinná. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu, Twi ni yóò kọ́kọ́ jáde, Gẹ̀ẹ́sì á tẹ̀ lé e.

“Ìwọ lo gbọ́ ọ jù nínú wa, Ìdíá. Yusif àti Abena ti ní àwọn ń lọ. Bá wa lọ. Kọ́ mi lójú ọ̀nà. Tí ẹnu mi bá sì kọ́ níwájú bàbá yẹn, kí o bá mi gbà á. Orúnkún ń dun Mama, wọn ò lè lọ. Àwọn gan-an ló ní kí n wá bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní ìwọ ni kó ṣe alárinà.”

Ìdíátù wo lẹ́dà tó wà níwájú rẹ̀. Ó wù ú kó rẹ́rìn-ín. Ó wù ú kó dìde, kó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kó sùn síbẹ̀.

“Ọjọ́ wo là ń lọ?” ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

*

Wọ́n gbéra ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Yusif àti Abena ló ṣíwájú, Khàlíl tẹ̀ lé wọn, Ìdíátù sì wà lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n kọjá àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní Nsawam, wọ́n wọ inú igbó. Ọyẹ́ ò tíì lọ tán, eruku pupa bo ewé igi títí dé òkè. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn nínú ìrìn alùpùpù, ẹ̀yìn àwọn yòókù ló ń wò láti ìlú dé ìlú. Inú akoto nìkan lèèyàn wà pẹ̀lú èémí ara rẹ̀. Ìdíátù ń wo bí Abena ṣe gbé àgbọ̀n lé èjìká Yusif, bí Yusif ṣe ń fi ọwọ́ kan pa ọwọ́ Abena tó wà níkùn rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn Khàlíl. Atẹ́gùn kún ẹ̀wù rẹ̀, ó wú bí àpò.

Ní Nkawkaw, wọ́n dúró jẹun lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé epo. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

“Máa sọ ọ́ tẹ̀ lé mi,” ni Ìdíátù wí. “Ẹ kú ilé, Bàbá.”

“O kú ilé, Bàbá.”

“‘Ẹ’, Khàlíl. ‘Ẹ’. Tó o bá sọ ‘o’ fún bàbá yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.”

“Ẹ kú ilé, Bàbá. Mo wá nítorí Fàrídà. Mo fẹ́ jẹ́ ọkọ̀ fún ọmọ yín.”

Ìdíátù wò ó, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. “Ọkọ̀ kẹ̀? Ṣé tròtrò lo fẹ́ dà fún un ni? Ọkọ!”

Yusif bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un ní Twi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tú ìrẹsì wáákyé ẹnu rẹ̀ dànù. Látìgbà náà, bó bá ti fẹ́ sáré kọjá Khàlíl lójú ọ̀nà, á pariwo bí agbèrò tròtrò pé, “Kaneshie! Kaneshie! Ó ku ẹnì kan!” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ìdíátù náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń dùn ún láyà.

Ilé ẹ̀gbọ́n Yusif kan ní Kumasi ni wọ́n sùn. Ní àárọ̀, bí wọ́n ti ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, Abena sún mọ́ Ìdíátù.

“Ìwọ,” ló sọ ọ́ ní Twi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ọdún mélòó lo fẹ́ fi ru ẹrù yìí?”

“Ẹrù wo? Báàgì kan ṣoṣo ni mo gbé.”

“Kì í ṣe báàgì ni mò ń wí.”

Ìdíátù fa okùn náà le, ó ta á ní kókó. “Abena, jọ̀ọ́. Tó o bá fẹ́ràn mi, má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Abena ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ó dì mọ́ ọn díẹ̀, bí ẹni tó ń kí olóòkú, kó tó lọ gun ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì yẹn, igbó tán, pápá bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé Kintampo. Yusif àti Abena sáré lọ síbi ìtàkìtì omi láti lọ wẹ̀, Khàlíl àti Ìdíátù jókòó sórí àpáta lókè, níbi tí ìró omi kò ti pọ̀ jù. Khàlíl ti mọ ohun tó máa sọ fún bàbá náà báyìí, kò ṣi ohùn kankan mọ́.

“Ó ku ọ̀kan,” ló wí. “Mo fẹ́ sọ nǹkan fún Fàrídà fúnra rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ náà gbọ́. Kí ni mo máa sọ?”

“Kí lo fẹ́ sọ?”

“Mo mọ̀ ọ́n ní Twi. Ní Yorùbá, kò wá sí mi lẹ́nu. Ìwọ sọ ọ́ bí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn, èmi á kọ́ ọ.”

Ìdíátù kọjú sí omi. Ó lè fún un ní ọ̀rọ̀ kan lásán, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára káàdì. Ó mọ irú wọn tó pọ̀. Kò mọ ohun tó dé sí i. Bóyá ìrìn ọjọ́ méjì ló ti rẹ̀ ẹ́, bóyá ó kàn fẹ́ kó jáde lẹ́nu òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

“Sọ pé: Tí mo bá jí láàárọ̀, ohùn rẹ ni etí mi kọ́kọ́ ń wá. Tí mo bá rí ohun tó dùn mọ́ mi, ìwọ ló ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ fún. Ìgbà tí o bá wà lọ́dọ̀ mi nìkan ni n kì í rántí pé mo dá wà.”

Khàlíl sún mọ́ ọn díẹ̀. “Ó dùn gan-an,” ló wí. “Ibo lo ti rí i?”

“Yorùbá ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ó ṣi í sọ lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kù díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yíjú sí Ìdíátù, ó wò ó lójú kó má bàa gbàgbé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn lórí ohùn, láìkù síbì kan. Ìdíátù di etí àpáta mú. Ọ̀rọ̀ tó ti fi pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún rèé, ẹnu tó fẹ́ kó ti jáde náà rèé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

“Ó dáa,” ló wí. “O ti mọ̀ ọ́n.”

Khàlíl mú òkúta kékeré kan, ó jù ú sómi. “Ìdíá, ṣé ohun tó tọ́ ni mò ń ṣe?”

Ìdíátù kọjú sí i. “Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ká ní...”

Yusif pariwo orúkọ wọn láti ìsàlẹ̀. Khàlíl dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.

“Ká ní kí ni?” ni Ìdíátù bèèrè.

“Kò sí nǹkan kan. Ọ̀nà jíjìn ló ń múni ro ìròkurò.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ìdíátù jókòó síbẹ̀. Ó rò ó pé bóyá kí òun pè é padà. Ó rí Alhájà nínú ọkàn rẹ̀, ó rí orúnkún ara rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa rò ó tán, Khàlíl ti wọ inú omi.

*

Wọ́n dé Tamale lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n lọ sílé Bàbá Bàdírù. Yusif àti Abena jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Khàlíl àti alárinà rẹ̀ wọ pálọ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Bàbá Bàdírù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ kì í tètè kúrò lára ohun tó bá ń wò. Khàlíl dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó kí i, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá. Kò sọ ‘o’, kò sọ ‘ọkọ̀’. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

“Hùn,” ni Bàbá Bàdírù wí. “Ó ku nǹkan kan?”

“Mo fẹ́ bá Fàrídà sọ̀rọ̀, Bàbá. Níwájú yín.”

“Ó wà ní yàrá, ó ń gbọ́. Sọ ọ́ síbi aṣọ títa yẹn.”

Khàlíl kọjú sí aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ta sẹ́nu yàrá. Ó bẹ̀rẹ̀. “Tí mo bá jí láàárọ̀, ohùn rẹ ni etí mi kọ́kọ́ ń wá...”

Ìdíátù jókòó, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ètè òun ń mì. Bí Khàlíl ti ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ètè rẹ̀ ń sọ ọ́ láìsí ohùn, títí dé ibi tó parí sí. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé Bàbá Bàdírù ò wo Khàlíl rárá. Òun ló ń wò.

Bàbá náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Yorùbá àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́rọ́wọ́, kò dẹ̀ ẹ́ fún ọmọ Accra.

“Ọmọkùnrin, ẹ̀wù tí o gbé wọ̀ wá yìí bá ọ mu, ṣùgbọ́n àyálò ni. Ẹni tó yá ọ ló jókòó tì ọ́ un nì, òtútù sì ń mú un. Ohun tí o gun alùpùpù kọjá odò wá wá, àpò ṣòkòtò rẹ ló wà. O ò tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò ni.”

Khàlíl rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kóun fojú ṣe. Ó mú ‘ẹ̀wù’, ó mú ‘alùpùpù’, ìyókù fò ó kọjá. Ó yíjú sí Ìdíátù.

“Ìdíá, kí ni wọ́n wí?”

Gbogbo ohun tó wà láàárín Ìdíátù àti ìgbésí ayé mìíràn kò ju gbólóhùn kan lọ. Kì í ṣe òun ló sọ ọ́. Kò ba májẹ̀mú kankan jẹ́. Kó kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà bó ti wà ni. Ó wo ojú Khàlíl. Ojú náà ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òun ló fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kí bàbá yìí má lé òun.

“Wọ́n ní aṣọ rẹ bá ọ mu,” ni Ìdíátù wí ní Twi. “Wọ́n ní ọ̀nà tó o gun alùpùpù rìn wá jìn. Kí o má jẹ́ kí ọmọ àwọn kábàámọ̀ láé.”

“N ò ní jẹ́ kó kábàámọ̀, Bàbá! N ò ní jẹ́ẹ́!”

Bàbá Bàdírù ò tíì gbójú kúrò lára Ìdíátù. “Bí o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn?”

“Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, Bàbá.”

“Ó dáa. Ìwọ alárinà, ṣé o dúró fún un?”

“Mo dúró fún un. Ọdún méje ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kì í parọ́, kì í fi ọwọ́ líle kan èèyàn, kò sì ní fi ọmọ yín ṣẹ̀sín.”

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé ọkọ. Ohùn Fàrídà sì jáde látẹ̀yìn aṣọ títa. Ó ní kí bàbá òun jẹ́ kí òun kọ́kọ́ rí alárinà.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti pàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi. Fàrídà kéré ju bí Ìdíátù ti rò lọ. Ojú rẹ̀ le.

“Àǹtí, mo gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ. Mo tún gbọ́ bí ẹ ṣe túmọ̀ rẹ̀.”

Ìdíátù wo omi inú àgbá náà.

“Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi yẹn, ṣé tiyín ni?”

“Èmi ni mo kọ́ ọ. Òun ló sọ ọ́, ìwọ ló sì sọ ọ́ fún.”

“Ṣé ó mọ̀?”

“Kò mọ̀.”

“Tí mo bá ní n ò ṣe mọ́ ńkọ́?”

“Wàá bà á lọ́kàn jẹ́, kò sì ní tìtorí ẹ̀ di tèmi. Ọdún méje ni mo fi wà lójú rẹ̀, Fàrídà. Ẹni tó bá máa rí mi ì bá ti rí mi.”

Omi bọ́ lójú Fàrídà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. “Mo fẹ́ràn rẹ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

*

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n ti so yìgì ní Kokomlemle. Ìdíátù ló pín omi, òun ló ń wá àga fún àwọn àlejò Tamale. Alhájà pè é síwájú ìjọ, ó fún un ní aṣọ tó dára, ó ní kí gbogbo ayé wo alárinà àtàtà.

“Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n,” ni Alhájà fi ẹ̀rín wí, “bí ojú bá ti mọjú tán, alárinà a yẹ̀bá!”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìdíátù náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí ó tó mọ̀ pé àwàdà nìkan kọ́. Fàrídà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oyún ti hàn lára rẹ̀. Ó gbé ọsàn wá. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

“Àǹtí, n ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹun tán, á ní òun ń lọ kí Ìdíá. Tí nǹkan bá dùn mọ́ ọn, á ní òun ń lọ sọ ọ́ fún Ìdíá. Kò rò ó sí nǹkan kan, mo mọ̀. Èmi ni mo gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn aṣọ títa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀.”

Ìdíátù bó ọsàn kan, ó gé e sí méjì, ó fún un ní ìdajì. “Mo ti gbọ́. Má jẹ́ kó dùn ọ́.”

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ Ìdíátù pọ̀ lójijì. Khàlíl á dé, á bá a tó ń múra àtijáde. Khàlíl á pe fóònù, á dún títí á dákẹ́. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́. Ìdíátù ní rárá, ọkọ ìyàwó kì í rìn káàkiri. Díẹ̀díẹ̀, ó ṣíwọ́ wíwá. Nígbà tí Yusif wá sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ọdún tuntun, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Yusif, tí kì í dákẹ́ ẹ̀rín, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ìdíátù ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ń tì í nírọ̀lẹ́. Alùpùpù rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, eruku ń kún un.

Fàrídà bí ọmọbìnrin lóṣù kìíní. Ìdíátù fi aṣọ ọmọ ránṣẹ́ sí ìsọmọlórúkọ, kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, lọ́sàn-án, takisí kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Bàdírù ló sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ìdíátù sáré dìde, ó kúnlẹ̀, ó wá àga fún un. Bàbá náà jókòó. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo lẹ́dà, ó wo alùpùpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“N ò rí ọ lánàá,” ló wí.

“Iṣẹ́ ló pọ̀, Bàbá.”

“Irọ́ nìyẹn. Ìkejì tí o máa pa fún mi nìyẹn.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. “Mo wá tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ náà, mo rí ohun tó wà lójú rẹ, mo sì gbé e jáde sí gbangba, mo tún wá fi í sọ́wọ́ rẹ pé kí o túmọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí àgbàlagbà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ mí lọ́kàn.”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá. Inú Fàrídà ń dùn. Inú Khàlíl ń dùn.”

“Mo rí i. Nítorí pé ìwọ dúró fún un ni mo fi fún un lọ́mọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kì bá tí fún un.” Bàbá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. “Ìwọ ńkọ́? Ta ló dúró fún ọ?”

Ìdíátù la ẹnu láti dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé ìyá òun wà, pé iṣẹ́ wà, pé Ọlọ́run wà. Kò sí èyí tó jáde. Ó yí padà sídìí ẹ̀rọ, ó fa lẹ́dà kan mọ́ra, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ sì sáré gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ó dá a dúró. Ó gbé orí lé lẹ́dà náà, ó sì sunkún. Kò tíì sunkún ní Kintampo, kò sunkún ní Tamale, kò sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo rẹ̀ ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, tariwo tariwo, bí ọmọdé.

Bàbá Bàdírù ò ní kó dákẹ́. Kò gbàdúrà, kò pòwe. Ó kàn jókòó.

Ọkùnrin kan gbé ìjókòó alùpùpù tó ya dé ẹnu ọ̀nà, ó rí obìnrin tó ń sunkún, ó dúró, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Bàbá Bàdírù dìde, ó lọ bá a, ó sì fi ìwọ̀nba Twi tó gbọ́ bá a sọ̀rọ̀.

“Ẹ padà wá lọ́la,” ló wí. “Lónìí, bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ọkùnrin náà lọ. Bàbá Bàdírù padà wá jókòó sórí àga rẹ̀.